Halo tí Ẹniìtàn Gbọ́ ní Àlọ́

Bí ẹ bá dé Erinje lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ rí èéfín tó ń rọra gòkè láti ẹ̀yìn ilé kan bí ẹni tí kò kánjú dé ibi tó ń lọ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ilé ta ni. Ilé Ẹniìtàn ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti fi ń ṣe pupuru, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe lórí èéfín, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí èéfín yẹn kò gbé ọkàn rẹ̀ lọ. Yóò to ìṣù ẹ̀gẹ́ funfun sórí àjà, yóò ko iná sábẹ́ rẹ̀, yóò jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀lé èéfín náà títí yóò fi kọjá orí igi ọ̀pẹ. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ óò kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn. Àwọn aládùúgbò ní ṣe ló máa ń la ojú sùn. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Ẹniìtàn kàn máa ń lọ díẹ̀ ni, bí iná bá sì fẹ́ kú, á padà wá.

Ìwé mẹ́fà ló kà. Òun ló gba ipò kejì nínú kíláàsì wọn lọ́dún náà, ó sì ti mọ orúkọ ilé ìwé gíga tó wù ú lọ, àmọ́ ìyá rẹ̀ ní àbúrò mẹ́rin ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ẹnu. Báyìí ló ṣe di aláṣe pupuru. Ó fẹ́ Philemon, awakọ̀ tó ń kó ẹyìn lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo, wọ́n sì bí ọmọ kan ṣoṣo, Juliet. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án ni Philemon sùn tí kò jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gẹ́ ti ń rán Juliet nílé ìwé: ẹ̀gẹ́ gbé e kọjá Okitipupa, ẹ̀gẹ́ gbé e gba oyè kìíní, ó tún dá a padà sí yunifásítì tó wà ní Okitipupa láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe ń ga sí i nínú ìwé ni ìyá ń kéré sí i nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí Ẹniìtàn máa ń bá a ka ìwé lábẹ́ àtùpà. Nígbà tó yá, ó kù kó máa bá a mú àtùpà dání. Ní báyìí tí iná mànàmáná dé, a ò tilẹ̀ nílò ẹni tí yóò mú àtùpà mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Juliet pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Òjò ń rọ̀, ohùn ń já. Ẹniìtàn bèèrè ohun tó máa ń bèèrè nígbà gbogbo, láìretí pé ìdáhùn rẹ̀ yóò yé òun:

"Uṣẹ́ kí ni àghọn olùkọ́ rẹ gbé fún ẹ báyìí, ọma mi?"

"Ìyé, lórí halo ni."

"Àlọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, halo. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Kò pè é padà títí di ọjọ́ kejì, nígbà náà ọ̀rọ̀ ti di ti oúnjẹ àti ti ibà. Ẹ má bínú sí Ẹniìtàn o. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí lẹ́tà "h" ń fojú wa rí ní ilẹ̀ yìí. Ibi tó yẹ kó wà, a ó gbé e jù nù. Ibi tí a kò pè é sí, a ó fà á wọlé. Ambrose, olórí akọrin ìjọ wọn, "Alelúyà" ló ń pè, ṣùgbọ́n "Hàmín" ló fi ń parí àdúrà. Kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín rí, nítorí bí gbogbo ìjọ ṣe ń pè é nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ẹni bá wá sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ lórí "halo", kí ni ẹ fẹ́ kí etí Erinje gbọ́?

Inú Ẹniìtàn dùn débi pé ẹ̀gẹ́ tó ń bó lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀. Àlọ́! Àlọ́ tí òun mọ̀! Látọjọ́ tí ọmọ yìí ti wọ yunifásítì, òun kò ní ohun kan tí òun lè mú lọ́wọ́ wá ju gàrí àti pupuru lọ, gbogbo ìyá ló sì ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ní báyìí, ilẹ̀kùn kan ṣí tí òun lè gbà wọlé. Òun náà yóò ní ọwọ́ nínú ìwé ọmọ òun. Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ, ó sì fẹ́ ẹ gidigidi.

Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ elẹ́yìn líle. Bí Sátidé bá dé tí kò sì sí iná lábẹ́ àjà, yóò wọ ọ̀kadà lọ sí Iyansan lọ́dọ̀ Agatha, ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ jìnnà mọ́ àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń rin ìrìn àjò. Ó máa ń dé Ìkọ̀yà náà, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń se epo. Wọ́n á máa pa àlọ́ fún un bí wọ́n ti ń dúró kí epo léfòó. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ìwé mẹ́fà rẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tó pa á sábẹ́ rẹ̀. *Ó ń bá mi lọ sóko, kì í bá mi gbé ẹrù:* òjìji, Ìyá Agatha, Iyansan. Ó dá ọ̀kan fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí nídìí èéfín: *Arẹwà wọ iyàrá ní funfun, ó jáde ní dúdú, a bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó tún di funfun.* Pupuru ni. Ó wo ọ̀nà ọ̀tún, ó wo ọ̀nà òsì, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Kò sọ fún Juliet. Ó fẹ́ kó bá a lójijì. Ṣùgbọ́n ó sọ fún gbogbo ẹni tó kù láyé. Ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́. Mildred, tí òun náà ń ṣe pupuru tí kò sì sí ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, fi í ṣẹ̀sín.

"Yunifásítì! Àlọ́ tí a ń pa fún ọma kó lè sùn?"

"O ò mọ nǹkan kan," Ẹniìtàn dá a lóhùn. "Àghọn òyìnbó ti ka gbogbo ìwé tán. Àlọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù."

Nígbà tí ìròyìn wá dé pé yunifásítì kan ní Jámánì ti gba Juliet láti wá tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà, ẹnu Mildred wọlé. Jámánì! Àwọn Jámánì ń wá àlọ́ Ìkálẹ̀! Pásítọ̀ kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ pé ìjọ yóò ṣe ìdúpẹ́ fún Juliet ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, kó tó rìnrìn àjò, àti pé Juliet fúnra rẹ̀ yóò pa àlọ́ kan fún ìjọ, kí gbogbo ayé lè mọ ohun tó kà. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, Ambrose sì ké "Hàmín" tó gbọn fèrèsé.

Ọjọ́ Túsìdé tó ṣáájú ìdúpẹ́ yẹn ni Juliet yóò ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ní yunifásítì. Ẹniìtàn wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó fi ìwé àlọ́ sínú báàgì pẹ̀lú pupuru tó ti fi ọ̀bẹ ha, tó gún, tó sì kù. Nínú ọkọ̀ láti Erinje sí Okitipupa, ó rí bí yóò ṣe rí: bí wọ́n bá ti parí, òun yóò dìde, òun yóò gbé ìwé náà lé ọmọ òun lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ọkọ̀ fi dé géètì.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kingsley, ẹlẹgbẹ́ Juliet nínú ìwé, mú un jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n pa iná. Àwòrán kan yọ lára ògiri.

Ẹniìtàn ṣí ẹnu. Òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ fọ́nká sínú rẹ̀, ní àárín sì ni ìmọ́lẹ̀ roboto kan wà, ó ní àwọ̀ omi àti àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ pupa díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ojú bá ti mọ́ ọn lára, nǹkan mìíràn tún wà tó yí i ká láti òkèèrè, ó fẹ̀, ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, bí èéfín àjà nígbà tó bá ti kọjá orí ọ̀pẹ. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó ti mọ ibẹ̀ rí, pé bí òun bá kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, òun yóò gòkè lọ síbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ rìn. Òun kò tíì rí àlọ́ tó lẹ́wà tó báyìí rí.

Ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ níwájú, ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàn bí omi. Ẹniìtàn kò gbọ́ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ "halo", ó tún gbọ́ "halo", ní gbogbo ìgbà tó bá sì gbọ́ ọ, ó ń mi orí. Ìgbà tí olùkọ́ kan tó ga dìde láti bi Juliet léèrè ni ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ bó ṣe rí. Ọkùnrin náà fi èémí gbé e jáde: *hhalo.* Àwòrán yí padà, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà. Ẹni tó gba ipò kejì nínú ìwé mẹ́fà kì í ṣe òpè nídìí lẹ́tà. Ó pè é lọ́kọ̀ọ̀kan: H. A. L. O.

Ó fọwọ́ tọ́ Kingsley. "Ọma mi, jọ̀ọ́. Kí ni àghọn ń fọ̀? Ṣé kì í ṣe àlọ́ ni?"

"Àlọ́ kẹ̀? Rárá, mà. Gáàsì ni. Gáàsì tó yí ìràwọ̀ tó ti darúgbó ká. Juliet ń wọn bó ṣe gbóná tó."

Ẹniìtàn ní ó ṣeun. Ó fa báàgì rẹ̀ sí abẹ́ àga, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dí i. Àtẹ́wọ́ ròkè ní gbọ̀ngàn, òun náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Juliet sáré wá dì mọ́ ọn tó bèèrè pé, "Ìyé, kí lẹ gbé wá fún mi?" ó ní, "Pupuru ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ korò bó ti sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, kò rí nǹkan kan lójú fèrèsé. Ọdún méjì! Ọ̀kadà Iyansan, ìdí epo Ìkọ̀yà, ọ̀rọ̀ tó fi dá Mildred lóhùn, Jámánì tó ń wá àlọ́. Ọjọ́ Àìkú sì ń bọ̀. Ojú tì í débi pé ó gbàdúrà kí ọkọ̀ má tètè dé Erinje.

Juliet wálé ní ọjọ́ Sátidé. Iná wà lábẹ́ àjà, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ìyá sì jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ọmọ jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe ní kékeré.

"Ìyé, Ambrose dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ó ní òun ń retí àlọ́ mi lọ́la. Àlọ́ wo?"

Ẹniìtàn ti igi sínú iná. Ó wá dìde, ó wọ inú ilé, ó gbé ìwé elẹ́yìn líle náà jáde, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀, látorí òjò tó ń rọ̀ lọ́jọ́ tí fóònù ń já.

Ẹ̀rín pa Juliet. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ òpó àjà, omi jáde lójú rẹ̀. Ẹniìtàn jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, torí ẹni tó bá ṣe ohun ẹ̀rín, kò yẹ kó bínú sí ẹlẹ́rìn-ín. Àfi bí Juliet ti ṣí ìwé náà láti fi parí ẹ̀rín rẹ̀. Ó ka ojú ìwé kìíní. Ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "pupuru, Ẹniìtàn, Erinje" sí, ẹ̀rín ti tán, omi tó wà lójú rẹ̀ sì ti di omi mìíràn.

"Àlọ́ igba ó lé mẹ́rìnlá," ni ìyá sọ, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. "Mo rò pé á wúlò fún ẹ."

"Ìyé, èmi ni mo jẹ̀bi. Ọdún méjì, mi ò jókòó ṣàlàyé fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé kò ní yé yín."

"Kó o gbìyànjú wò nísinsìnyí."

Juliet gbìyànjú. Ó ní ìràwọ̀ bí oòrùn tiwa, bó bá dàgbà, ara rẹ̀ á wú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ rẹ̀ sínú òfuurufú díẹ̀díẹ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, láìpariwo. Nígbẹ̀yìn, á ku ọkàn rẹ̀ nìkan, kékeré, ó gbóná ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọkàn náà ló ń kọ lu gbogbo ohun tó ti bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń tàn. Èyí tó bọ́ kẹ́yìn ló wà nítòsí, òun ló mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó ti kọ́kọ́ bọ́ tipẹ́tipẹ́ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó ti fẹ́lẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní halo.

"Ẹ sì wò ó, Ìyé, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ṣi nǹkan pè. Gbogbo ohun náà pátápátá, orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sọ ọ́. Kò bá pílánẹ́ẹ̀tì tan rárá. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ awòràwọ̀ rí i ló rò pé ó jọ ọ́. Ó ti lé ní igba ọdún, gbogbo ọ̀mọ̀wé ayé ló ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò tún un ṣe?"

"Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu."

Inú Ẹniìtàn rọ̀ díẹ̀. Àwọn náà, pẹ̀lú gbogbo ìwé wọn! Ó wo èéfín tó ń lọ. "Èyí tó lọ jìnnà yìí, ó ti tutù nìyẹn."

Juliet dìde lórí orúnkún. "Ibẹ̀ gan-an ni mo dé! Kò tutù. Ti inú, nǹkan bí ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Ti òde, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ṣìṣirò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tún un ṣe."

"Ẹni tó jókòó ti uná kò wá gbóná tó ẹni tó wà lóde?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó le jù lọ, èyí tí àwọn tó wà nínú kò lè dá dúró, òun ló ń kọjá lọ bá ti òde. Àwọn tó wà nínú pọ̀, wọ́n ń kanra wọn, bí ooru bá dé bá wọn, wọ́n á tètè dà á nù. Ti òde ti fọ́nká, Ìyé. Ẹyọ gáàsì kan lè wà pẹ́ títí kó má kan ẹnì kejì. Ooru tó bá dé bá a, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa jókòó sí. Kò rẹ́ni bá pín in."

Ojú Ẹniìtàn tẹ̀lé èéfín. Ó lọ, bó ti máa ń lọ. Ọmọ rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e, ó sì ti ń wá ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà sọ ọ́, nígbà tí ìyá la ẹnu.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọdún mọ́kànlélógún tí àba rẹ ti lọ. Gbogbo èèyàn ní ara mi á ti balẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ń jó mi bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ta ni mo fẹ́ bá pín in? Ìghọ nìkan ni, ìghọ náà sì wà nínú ìwé. Bí o bá wá lọ sí Jámánì, ọma mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Juliet gbé orí lé e lórí itan. Èéfín gba ojú wọn kọjá, ó ta wọ́n lójú, ó sì fún àwọn méjèèjì láyè láti nu ojú láìsí pé ẹnikẹ́ni bèèrè ìdí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì ṣì wà nílẹ̀. Ìyá ló tún gbé e dìde. "Pa ọ̀kan nínú ìwé yìí fún wọn lọ́la. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Mi ò lè purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyé. Wọ́n á rò pé àlọ́ ni mo kà. Màá sọ òtítọ́ fún wọn."

"Sọ òtítọ́ kẹ̀? Kí Mildred fi mí ṣe ẹlẹ́yà dójú ikú? Mi ò ní kó o purọ́. Mo ní kó o bò mí láṣìírí."

Juliet kò ṣèlérí. Ó ní òun á rò ó. Ó mú ìwé náà wọlé lọ, iná yàrá rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Ẹniìtàn mọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta tún ìṣirò ṣe kò ní fi irọ́ bo nǹkan nítorí ojú Mildred.

Ọjọ́ Àìkú mọ́. Ìjọ kún. Wọ́n tilẹ̀ gbé Agatha wá láti Iyansan, wọ́n gbé e jókòó sórí àga níwájú, nítorí ó ní àlọ́ òun ń lọ sí Jámánì, òun gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń gbé e lọ. Mildred wà ní ìlà kẹta, ó ti múra sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Ẹniìtàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ambrose gba maikì, ó yin Ọlọ́run, ó yin yunifásítì, ó yin orílẹ̀-èdè Jámánì, ó wá ní kí Juliet bọ́ síwájú.

Juliet dìde. Ó wo gbogbo ìjọ, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹniìtàn di ojú.

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!" gbogbo ìjọ dáhùn, àtọmọdé àtàgbà.

Ẹniìtàn la ojú.

"Ó kúrò nídìí uná," Juliet sọ, kì í ṣe ní èdè ìwé mọ́, ní ti ilé wọn ni, "ó lọ jókòó sínú òtútù, níbi tí éè rí ẹnìkan bá fọ̀rọ̀. Òun ló wá gbóná ju ẹni tó jókòó ti uná lọ. Kí ni?"

Ìjọ hó. Ata ni! Ọmọ kan ní ibà ni. Ambrose ní irin alágbẹ̀dẹ ni, wọ́n ní kó lọ jókòó, irin kì í gbóná nínú òtútù. Mildred ní ètè olófòófó ni, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì padà wá bá a jókòó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Agatha gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ọma tó lọ sí àjò ni," ó ní.

Juliet tẹ̀ síwájú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ ọn, Ìyé Àgbà. Ẹ sún mọ́ ọn gan-an. Ó ku díẹ̀."

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn lójú. Ó ti kù díẹ̀ kí Juliet tú u fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan dìde ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹniìtàn ni. Ó fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ná, ó sì pe "h" kan irú èyí tí wọn kò pè rí ní Erinje.

"Hhhalo ni!"

"Ìyé mi gbà á!" Juliet ké. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mildred bèèrè. "Ṣé kì í ṣe àlọ́ lo ní ó kà ni?"

Ìjọ yí ojú sí Juliet. Juliet gbé maikì kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì nà án sí ọ̀nà ògiri. "Èmi ni mo wọ̀n ọ́n," ó ní. "Ìyé mi ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín."

Ẹniìtàn tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó gba àárín àwọn ìjókòó kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó dé iwájú, ó gba maikì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó ní. "Ìràwọ̀ kan ló darúgbó."